Ẹlẹ́rìí Ni Ọ̀rẹ́ Aláìsàn: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Àárẹ̀, Òòyì àti Inú Rírun Tí A Kò Mọ Orísun Rẹ̀

Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n sọ bí a ṣe lè ran ọ̀rẹ́ ẹni lọ́wọ́ nígbà tí ó bá ń rẹ̀ ẹ́ ṣáá, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí inú rẹ̀ kò rọgbọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ ohun tó fà á. Mo mọ̀ pé agboolé tí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí kò pọ̀ láàárín wa. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ kò tíì nílò ọ̀rẹ́ tí yóò fún un lóògùn, ọ̀rẹ́ tí yóò ṣe ẹlẹ́rìí ló nílò, ẹni tí yóò wò ó dáadáa, tí yóò bi í ní ìbéèrè, tí yóò kọ ohun tó rí sílẹ̀, tí yóò sì bá a dé iwájú dókítà láti sọ ọ́. Púpọ̀ nínú wa ti fi ara wa jẹ dókítà fún ọ̀rẹ́ wa, bẹ́ẹ̀ ni ipò ẹlẹ́rìí tó tọ́ sí wa gan-an ṣófo. Mo fẹ́ fi ẹ̀rí hàn pé ipò náà kì í ṣe kékeré, pé òun ló máa ń pinnu bí àìsàn yóò ṣe pẹ́ tó lára, àti nígbà mìíràn, bóyá aláìsàn yóò yè é.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìdí tí àmì mẹ́ta yìí fi ṣòro láti tú. Àárẹ̀, òòyì àti inú rírun kì í ṣe orúkọ àrùn, àrùn tó sì lè mú wọn wá pọ̀ lọ jàra. Ẹ̀jẹ̀ tí kò tó lè fà wọ́n. Oyún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró lè fà wọ́n, kódà nígbà tí obìnrin náà kò tíì mọ̀. Ìtọ̀ ṣúgà ńkọ́? Ọgbẹ́ inú ńkọ́? Àrùn ẹ̀dọ̀, kíndìnrín tó ń daṣẹ́ sílẹ̀, ikọ́ ẹ̀gbẹ, kòkòrò HIV, aràn inú, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó pọ̀ ju bí ara ṣe fẹ́ lọ, ìdààmú ọkàn, àti èéfín olóró láti inú jẹnẹrétọ̀, gbogbo wọn ló lè gba ẹnu àmì mẹ́ta yìí sọ̀rọ̀. Àwọn kan nínú wọn rọrùn láti wò, àwọn kan sì lè gbẹ̀mí ènìyàn láàárín wákàtí díẹ̀. Bí a bá wo bí ó ṣe ń rẹ aláìsàn nìkan, a kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí bákan náà ló ń rẹ gbogbo aláìsàn. Ìgbà tó ń ṣe é, ibi tó ti ń ṣe é, ohun tó ṣáájú rẹ̀ àti ohun tó tẹ̀ lé e ni ìyàtọ̀ wà. Èyí kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí àga iwájú dókítà. Ẹni tó ń bá aláìsàn gbé, tó ń bá a ṣiṣẹ́, tó ń bá a jẹun, ló lè rí i.

Ṣùgbọ́n kí ni a sábà máa ń ṣe? Kí aláìsàn tó sọ̀rọ̀ tán la ti dájọ́: ibà àti táífọ́ọ̀dù ni. Èmi kò ní sọ pé ìdájọ́ yìí kò ní ìpìlẹ̀. Nínú gbogbo ẹni tí ibà ń ṣe lágbàáyé lọ́dọọdún, ó tó bí ìdá kan nínú mẹ́rin tó jẹ́ ti Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n torí pé ibà pọ̀ nílùú kò sọ pé òun ló wà lára ẹni tó jókòó síwájú wa. Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún gbogbo ẹni tí a bá fura pé ó ní ibà, kí a tó fún un lóògùn rẹ̀. Àyẹ̀wò náà kò le: ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti orí ìka, ìdúró bí ogún ìṣẹ́jú, èsì ti jáde. Ní ti táífọ́ọ̀dù, àyẹ̀wò tí ọ̀pọ̀ lábù wa ń lò jù ni Widal, èyí tí Georges-Fernand Widal, dókítà ará Faransé, gbé jáde ní ọdún 1896. Kì í ṣe kòkòrò táífọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ni Widal ń wá. Ohun ìjà tí ara ti ṣe sí kòkòrò náà ló ń wá. Ní ìlú tí táífọ́ọ̀dù kò ṣọ̀wọ́n, ohun ìjà yẹn lè wà lára ẹni tó ti ní in sẹ́yìn tó sì ti sàn, tàbí ẹni tí wọ́n ti gún lábẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, àìsàn mìíràn sì lè mú kí èsì náà gòkè. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ fi ń sọ pé èsì Widal ẹyọ kan ṣoṣo kò tó láti fi dájọ́. Síbẹ̀, àìmọye ènìyàn ló ń gbé ìwé èsì yìí káàkiri ìgboro bí ìwé ẹ̀rí pé táífọ́ọ̀dù kò kúrò lára wọn.

Ìpalára tó wà nínú ìdájọ́ àṣìmú kọjá owó oògùn tó ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan tó wọ́pọ̀ ṣàlàyé. Ẹnì kan ní ìrora ẹ̀yìn tàbí orúnkún, ó ń lo Ibuprofen tàbí Diclofenac lójoojúmọ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, torí pé oògùn ìrora kò jọ ẹni tó ń lò ó lójú bí oògùn gidi. Àwọn oògùn wọ̀nyí ń dí ara lọ́wọ́ láti pèsè ohun tó ń dáàbò bo awọ inú. Díẹ̀díẹ̀, ọgbẹ́ dá sí i nínú, ọgbẹ́ náà sì ń ṣẹ̀jẹ̀ láìpariwo. Ẹ̀jẹ̀ ń dínkù, ó ń rẹ̀ ẹ́. Ó bá dìde, òòyì kọ́ ọ. Inú ń ta á. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ibà ni, ó ra oògùn ibà fún un, ó tún fi oògùn ìrora kún un nítorí pé ara ń ro ó. Oògùn tó dá ọgbẹ́ sílẹ̀ gan-an la tún fi ń tọ́jú àárẹ̀ tí ọgbẹ́ náà mú wá. Bí ó bá rọjú fún ọjọ́ méjì, a ó ní oògùn náà jẹ́; bí ó bá padà dé, a ó ní ibà náà le ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìbéèrè ẹyọ kan, ìyẹn oògùn wo lò ń lò lójoojúmọ́, àti òmíràn, ìgbẹ́ rẹ ha dúdú bí ọ̀dà bí, ì bá ti fi ibi tí ọ̀rọ̀ wà hàn ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Mo ṣèlérí ẹ̀rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó lágbára jù wá. Ní ọdún 1975, J. R. Hampton àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà British Medical Journal. Wọ́n tẹ̀ lé aláìsàn 80 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí dókítà. Wọ́n ní kí dókítà kọ ohun tó rò pé ó ń ṣe aláìsàn lẹ́yìn tó ti ka lẹ́tà tí wọ́n fi rán an wá tó sì ti gbọ́ ìtàn àìsàn náà lẹ́nu rẹ̀. Kí ó tún kọ ọ́ lẹ́yìn tó bá ti yẹ ara rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá wo ohun tí gbogbo àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nígbẹ̀yìn. Nínú 80 náà, 66 ni dókítà ti mọ ohun tó ń ṣe wọ́n láti inú ìtàn nìkan. Yíyẹ ara wò ló tún èrò ṣe fún àwọn 7, lábù sì tún un ṣe fún àwọn 7 yòókù. Èyí kò sọ pé àyẹ̀wò kò wúlò. Ohun tó sọ ni pé ìtàn ló ń tọ́ka sí àyẹ̀wò tó yẹ, àti pé ibi tí ìtàn bá ti wọ́, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e yóò wọ́. Abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tí a ń bi gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rẹ́ ti wúlò, nítorí aláìsàn fúnra rẹ̀ kì í sábà jẹ́ asọ̀tàn tó péye. Àárẹ̀ a máa mú ìrántí lọ. Ojú a máa ti ènìyàn láti sọ̀rọ̀ ìgbẹ́, nǹkan oṣù, ọtí tàbí ìpara tó ń fi bóra. Ẹ̀rù àrùn ńlá a sì máa mú kí ó fo ohun tó ń bà á lẹ́rù jù. Ẹ fi ẹ̀kọ́ ilé kún un: láti kékeré la ti kọ́ wa pé bí wọ́n bá bèèrè àlàáfíà wa, ká ní a dúpẹ́. Ẹni tí kò sùn mọ́jú yóò wọlé tọ dókítà, yóò kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀, yóò sì ní a dúpẹ́, ara kàn ń ro mí díẹ̀ ni. Ẹlẹ́rìí tó bá jókòó tì í ló lè sọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ti dá kú lẹ́ẹ̀mejì lóṣù yìí, aṣọ rẹ̀ kò sì bá a lára mu mọ́.

Ẹ wo bí ẹ̀rí ojú ṣe lè yí ohun gbogbo padà nínú ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀. Nílẹ̀ wa tí iná mànàmáná kò dúró sójú kan, ọ̀pọ̀ ilé àti ṣọ́ọ̀bù ń tan jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, sí bákónì, tàbí sẹ́yìn fèrèsé tí wọ́n ń sùn sí. Gáàsì carbon monoxide tó ń jáde látinú rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Bí ènìyàn bá fà á símú, ó ń lẹ̀ mọ́ ohun tó ń gbé afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ kiri, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọn ní ìlọ́po tó lé ní 200 ju bí afẹ́fẹ́ àmísínú ṣe lè lẹ̀ lọ. Orí fífọ́, òòyì, èébì, inú rírú àti àárẹ̀ ló ń mú wá, ìyẹn àwọn àmì tí a ń pè ní ibà gan-an. Àyẹ̀wò ibà kò ní rí i, Widal kò ní rí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ tó bá ṣàkíyèsí pé òwúrọ̀ ló máa ń ṣe ọ̀rẹ́ òun, pé ara rẹ̀ a máa yá bó bá ti jáde nílé fún wákàtí mélòó kan, pé orí ń fọ́ àwọn ará ilé rẹ̀ náà, ti rí ohun tí lábù kò rí. Ìtọ́jú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí kí a gbé ẹ̀rọ náà jìnnà sílé lọ́jọ́ náà gan-an, kí a sì gbé ẹni tó ti fà á símú lọ sílé ìwòsàn.

Àpẹẹrẹ kejì le díẹ̀, ó sì yẹ ká fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ní ọdún 1855, Thomas Addison, dókítà ní Guy's Hospital nílùú Lọndọnu, kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn kan tí agbára ń tán lára wọn díẹ̀díẹ̀, tí inú kò gba oúnjẹ mọ́, tí awọ ara wọn sì ń ṣú sí i. Ó rí i pé ohun kékeré méjì tó jókòó sórí kíndìnrín, tí wọ́n ń pè ní adrenal, ló ti bàjẹ́. Láti ibẹ̀ ni ara ti ń rí cortisol, tí kò jẹ́ kí ènìyàn ṣubú nígbà ìnira. Bí cortisol bá dínkù, ìfúnpá á lọ sílẹ̀, òòyì á dé, inú á máa run, èébì á dé. Nígbà náà lọ́hùn-ún, ikọ́ ẹ̀gbẹ ló sábà ń ba ẹ̀yà ara yìí jẹ́, ikọ́ ẹ̀gbẹ kò sì tíì fi ilẹ̀ wa sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn tún ti là sí i láàárín wa. Ọ̀pọ̀ ìpara ìbóra tó wà lọ́jà ló ní sítẹ́rọ́ìdì líle bíi clobetasol nínú. Àwọn kan sì ń gbé dexamethasone mì kí wọ́n lè sanra. Bí sítẹ́rọ́ìdì bá ń wọ ara láti òde fún oṣù púpọ̀, adrenal yóò dẹwọ́ iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ènìyàn bá dáwọ́ ìpara tàbí oògùn náà dúró lójijì, ara kò ní rí èyí tó ń wá láti òde, kò sì ní rí ti inú. Àárẹ̀, òòyì, inú rírun. Ta ni yóò sọ ọ̀rọ̀ ìpara fún dókítà? Kò jọ aláìsàn lójú pé ìpara ojú kan ọ̀rọ̀ inú. Ọ̀rẹ́ tó mọ ohun tó wà lórí tábìlì yàrá rẹ̀ nìkan ló lè rántí.

Ẹ má ṣe jẹ́ ká gbàgbé ọkàn. Ní ọdún 1954, Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ Aró ní Abẹ́òkúta, níbi tí ó ti jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé pẹ̀lú ẹbí tó bá wọn wá. Ní ọdún 1960, Raymond Prince, dókítà ọpọlọ tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí ìwé kíkà sú, tí ojú ń dùn, tí orí ń gbóná, tí ara ń rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé lọ́dọ̀ wa, ara ni ìbànújẹ́ sábà máa ń gbà jáde. Ẹni tí ìrònú ti mú lómi kì í sọ pé inú òun bàjẹ́; á ní ara òun kò le, oúnjẹ kò lọ lọ́fun òun, ilé ń yí òun lójú. Àìsàn gidi nìyẹn. Kì í ṣe irọ́, kì í ṣe àṣejù, ó sì ní ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi ìrònú ṣe ibi tí a ń da gbogbo àìsàn tí a kò mọ̀ sí. A ń wá a pẹ̀lú ìbéèrè tirẹ̀: oorun ńkọ́, ṣé ohun tó ń wù ú tẹ́lẹ̀ ṣì ń wù ú, ṣé ó ń rò ó pé kí òun kú? Bí ìdáhùn ìkẹyìn yìí bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí ẹ sì wá dókítà lọ́jọ́ náà.

Báwo wá ni ọ̀rẹ́ ṣe ń jẹ́ ẹlẹ́rìí? Kí ó kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ aláìsàn, kí ó sì ràn án lọ́wọ́ láti kọ àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan: ìgbà tí àárẹ̀ dé, ohun tó jẹ, ìgbà tí inú run, bóyá ebi ló mú un run tàbí oúnjẹ, ìgbà tí òòyì kọ́ ọ, bóyá nígbà tó dìde ni. Kí ó kó gbogbo oògùn tí aláìsàn ń lò sínú àpò kan, oògùn òyìnbó, àgbo, ìpara, oògùn ìrora, oògùn ìsanra, kí wọ́n gbé àpò náà dé iwájú dókítà. Kí ó ní kí nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá nígbà tí aláìsàn dùbúlẹ̀ àti nígbà tó bá dìde. Bí nọ́ńbà òkè bá já wálẹ̀ ní 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, a ti mọ ohun tó ń fa òòyì náà, ó wá ku ohun tó ń mú un já. Àwọn àyẹ̀wò àkọ́kọ́ tó yẹ ká bèèrè kò ṣòro: PCV tó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó lára, ibà, ṣúgà, ìtọ̀, àti àyẹ̀wò oyún fún obìnrin tó wà ní ọjọ́ orí ọmọ bíbí. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tó, kí a má ṣe dúró sórí oògùn ẹ̀jẹ̀ nìkan. Kí a bèèrè ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ. Ìbéèrè yẹn ṣe pàtàkì gidigidi, nítorí a ti fi jẹ̀díjẹ̀dí bo ọ̀pọ̀ nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ lè jẹ́ ti ìdí tó yọ, ó sì lè jẹ́ ti jẹjẹrẹ ìfun; ojú lásán kò lè yà wọ́n.

Àwọn àmì kan wà tí kò yẹ ká kọ sínú ìwé ká máa wò wọ́n. Ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, èébì ẹ̀jẹ̀, dídá kú, èémí tí kò délẹ̀, àyà dídùn, ojú pípọ́n bíi ti ibà apọ́njú-pọ́ntọ̀, kí ọ̀rọ̀ máa dàrú lẹ́nu, tàbí kí inú máa run obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti fò tí òòyì sì ń kọ́ ọ, èyí tó lè jẹ́ oyún tó dúró sí òde ilé ọmọ: bí a bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, òru ni tàbí ọ̀sán.

Mo mọ̀ pé àtakò wà, mo sì fẹ́ dáhùn wọn bí ó ti yẹ. Èkíní ni ti owó. Wọ́n á ní, ẹni tí kò rí jẹ, ibo ni yóò ti rí owó àyẹ̀wò? Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ó lé ní ìdajì dáadáa nínú owó ìlera orílẹ̀-èdè yìí tó ń ti àpò aláìsàn jáde tààrà, òfin adójútòfò ìlera ọdún 2022 tó ní kí gbogbo ènìyàn wà lábẹ́ ètò náà kò sì tíì kan ọ̀pọ̀ wa lára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó ra oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹta, oògùn táífọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mejì, tó sì pàdánù ọjọ́ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ti ná ju owó PCV àti àyẹ̀wò ibà lọ. Ìtàn àìsàn, tí í ṣe èyí tó wúlò jù nínú ìwádìí Hampton, kò sì gba kọ́bọ̀. Òtòṣì tí kò lè ṣe àyẹ̀wò mẹ́wàá ló yẹ kó ní ẹlẹ́rìí jù, kí méjì tí agbára rẹ̀ ká lè jẹ́ méjì tó yẹ.

Èkejì ni pé àgbo ni àwọn baba wa mu, wọ́n sì dàgbà. Èmi kò bá ewé àti egbò jà. Artemisinin tó wà nínú oògùn ibà wa lónìí, láti ara ewé ni Tu Youyou ti Ṣáínà ti rí i, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní ọdún 2015. Ṣùgbọ́n oníṣègùn gidi nílẹ̀ Yorùbá kì í fún ni lóògùn láìbèèrè. Ó ń bèèrè ohun tí o jẹ, àlá tí o lá, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ti ṣe rí nílé yín. Ẹni tó ń ta àgbo inú ògógóró létí títì kò bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọtí inú àgbo náà sì lè mú kí ọgbẹ́ inú burú sí i. Nítorí náà, àṣà wa gan-an ló dá mi láre: ìbéèrè ṣáájú oògùn. Bákan náà ni mo dá ẹni tó ní ọwọ́ ayé ló wà níbẹ̀ lóhùn. Ẹ gbàdúrà, mo fẹ́ kí ẹ gbà á. Àdúrà kò ní ká má mọ iye ẹ̀jẹ̀ tó wà lára. Pásítọ̀ tàbí àlùfáà tó bá ní kí aláìsàn má dé ilé ìwòsàn ti gba ipò tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni pé ọ̀rọ̀ ara ẹni jẹ́ àṣírí, àti pé ọ̀rẹ́ tó ń tọ pinpin lè di olófòófó. Òtítọ́ ni, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ní kí a gba àyè kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a rí, iwájú dókítà nìkan ni ibi tí a ti ń sọ ọ́. Bí aláìsàn bá ní òun fẹ́ dá wọlé, kí ẹlẹ́rìí fún un ní ìwé àkọsílẹ̀ náà, kí ó sì dúró sóde. Ẹ̀kẹrin, èyí tó máa ń mú ọkàn rẹ̀wẹ̀sì jù, ni pé a ti ṣe àyẹ̀wò, wọn kò rí nǹkan kan. Àyẹ̀wò kì í dáhùn ju ohun tí a bi í lọ. Ẹni tí a kò wo iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti cortisol rẹ̀, a kò tíì bèèrè nípa adrenal. Ọgbẹ́ inú fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí èyí: fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn dókítà ń sọ pé ìrònú àti ata ló ń fà á, títí Robin Warren àti Barry Marshall ní ìlú Perth ní Ọsirélíà fi hàn ní àwọn ọdún 1980 pé kòkòrò Helicobacter pylori wà nídìí púpọ̀ nínú rẹ̀, pé oògùn apakòkòrò sì lè wò ó. Wọ́n gba Nobel ní ọdún 2005. Àwọn tí wọ́n sọ fún pé ìrònú wọn ti pọ̀ jù ní gbogbo ọdún yẹn, kòkòrò wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ọ̀rẹ́ tó bá ń gba aláìsàn gbọ́ lẹ́yìn tí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò rí nǹkan kan, tó ń mú un padà lọ lẹ́yìn oṣù kan pẹ̀lú àkọsílẹ̀ tó kún sí i, ń ṣe ohun tí ẹ̀rọ kankan kò lè ṣe.

Ohun tí mo bẹ̀ yín fún kò ju agbára wa lọ. Ẹgbẹ́ tó lè dá owó aṣọ ẹbí lè ra ẹ̀rọ ìfúnpá kan, kí wọ́n sì kọ́ ọmọ ẹgbẹ́ méjì bí a ṣe ń lò ó. Ìjọ, àsàlátù, ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ lè yan ẹni tí yóò máa bá aláìsàn lọ sílé ìwòsàn, bí a ti ń yan akọ̀wé àti akápò. Ẹ jẹ́ ká sì jọ rọ ìjọba ìbílẹ̀ wa, kí àyẹ̀wò ibà àti PCV má ṣe wọ́n ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé kankan. Títí ìyẹn yóò fi ṣe é ṣe, bí ẹnì kan bá sọ fún yín lọ́la pé, ó rẹ̀ mí, òòyì ń kọ́ mi, inú ń run mí, ẹ má sọ orúkọ àrùn kankan. Ẹ bi í léèrè pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi ara balẹ̀ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ títí yóò fi sọ ọ́ tán.